Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Wọ Kànga Ilé Wa

Ìyá mi, Alhaja Sìnọ́tù, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àfojúsọ́nà àwa ọmọ. Èmi Bùràímọ̀, àkọ́bí yín, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Tema ní Ghana níbí, àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí Múráínà àti Làsísì, àwọn àbúrò mi. Mo kí àwọn ìyàwó wọn àtàwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará àdúgbò tó ń yà wò yín láàárọ̀. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé òróró ìpara tí mo fi rán dírẹ́bà ti dé ọwọ́ yín? Ẹ máa fi para kí ẹ tó sùn o, ẹ má tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ sínú àpótí bí ẹ ti ń ṣe sí gbogbo nǹkan.

Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí fún yín, kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń pín ní Ọ̀fà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé síta. Ohun tí ojú mi rí pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè dá gbọ́ lọ ni. Àwọn agbẹ́kànga Ọ̀fà yẹ kó gbọ́, ti Ìjàgbó yẹ kó gbọ́, ti Ẹ̀rìn-Ilé náà yẹ kó gbọ́. Lóòótọ́ ni àwa àti Ẹ̀rìn-Ilé ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a ò bá wọn jà débi pé ká ní kí wọ́n kú sínú kànga.

Ara mi le bí irin. Ọjọ́ orí ń lọ, àmọ́ àwọn géńdé tó wà lábẹ́ mi ò tíì lè gbé ohun tí mò ń gbé. Ẹ mọ̀ pé pírámárì kejì ni mo kà dé tí mo fi gba ọkọ́ ìgbẹ́kànga lọ́wọ́ Bàbá, kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà ṣe ilé fún wọn. Lónìí, èmi ni fọ́ọ̀mán àwọn tó ń fọ táńkì ní ilé iṣẹ́ wa. Táńkì òróró ni o, èyí tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo kọ́ sí Ọ̀fà lọ, ilé tí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní réluwéè máa ń béèrè pé ta ló ni ín. Mo gbọ́ èdè Tíwì, mo gbọ́ Gáà, mo gbọ́ Haúsá. Àwọn tó jáde yunifásítì ń pè mí ní ọ̀gá. Ẹ má sọ pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ.

Ojú ọjọ́ ibí ò dà bíi tilé. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ iyọ̀ síni lára, irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, kò pẹ́ tó fi máa dípẹtà. Ọyẹ́ wọn kì í mú tó ti Ọ̀fà, kì í ya ènìyàn lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa tọ́jú ìkókó ní Kumasi, èmi nìkan ni mò ń jí nínú ilé. Bí mo bá ń jẹun, ohùn yín ló ń ṣe mí bíi kí n gbọ́, pàápàá bí ẹ bá ń bú mi pé mo ti di ará Ghana pátápátá.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Ilé iṣẹ́ pàṣẹ pé kí gbogbo fọ́ọ̀mán lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò lẹ́nu iṣẹ́, pé ẹni tí kò bá gba sàtífíkéètì rẹ̀ kò ní wọ táńkì mọ́. Inú bí mi. Mo ní ta ni yóò kọ́ èmi? Èmi tí mo ti ń wọ inú ilẹ̀ jáde kí wọ́n tó bí ìyá ẹni tó fẹ́ kọ́ mi? Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí mo fi ń lọ mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe lébìrà ló dé. Nígbà tí mo débẹ̀, obìnrin tó dúró níwájú kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Èfúà lorúkọ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé òun ló fẹ́ pín omi fún wa, mo sì ní kó fún mi ní tútù. Ó fún mi o, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wá gbé ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ní ibi tó bá há, tí afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé jáde, bíi táńkì àti kànga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè pa ènìyàn. Mo nawọ́ sókè. Mo ní kí wọ́n má dààmú ara wọn, pé nílé tiwa a kì í ṣe òpè. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga, a ó so àtùpà mọ́ okùn, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí iná bá kú, a ò wọlé. Bí iná bá ń jó, a wọlé. Mo ní Bàbá mi ló fi kọ́ mi, n kò sì kú. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Èfúà náà pàtẹ́wọ́. Ó ní bàbá mi gbọ́n, pé àtùpà yẹn ń sọ òótọ́ kan, ká wá jáde síta ká lọ wo òótọ́ kejì.

Kànga kan wà lẹ́yìn kíláàsì tí wọ́n fi síméǹtì mọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bẹntiróòlù fa omi kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, wọ́n fà á jáde, wọ́n sì da nǹkan bo ẹnu kànga náà. Ó ní ká gbọ́ òórùn. Mo na imú síbẹ̀, òórùn tí mo gbọ́ kò ju ti ọ̀kadà tó kọjá lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ pé kò sí ohun tó lè gbaná níbẹ̀, ó kìlọ̀ fún wa pé ká má dán an wò nílé, ó wá ní kí n sọ àtùpà mi kalẹ̀. Ìyá, àtùpà yẹn jó! Ó mọ́lẹ̀ rokoṣo. Mo fi ijó díẹ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n gbé okùn wá, kí n wọlé lọ bá wọn mú omi.

Èfúà mú okùn mìíràn. Ó so ẹ̀rọ kan tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò, tí kò tóbi ju fóònù lọ, mọ́ ọn, ó sọ òun náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà. Kò tíì dé ìdajì tó fi figbe ta. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, ó ń ké bí ọmọ tí iná jó. Àtùpà ń jó, ẹ̀rọ ń ké. Nínú kànga kan náà, lójú kan náà.

Súbúhánálláhì! Ẹnu mi là, kò lè padé. Ó ní nínú èéfín ẹ̀rọ bẹntiróòlù, ohun kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí àtùpà ò mọ̀. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí máa ń jókòó sí, kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé e kiri ara. Ohun yìí a lọ jókòó sí àyè rẹ̀, kò sì ní fẹ́ dìde mọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, ẹsẹ̀ á yẹ̀. Ẹni náà kì í pariwo. Ó ní èyí gan-an ló burú jù, pé ẹni tó wà lókè á rò pé iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ tó ké náà lọ́wọ́. Mo gbé e bí ẹni gbé ìkókó. Mo wò ó lójú, mo wò ó lẹ́yìn. N kò lè ka iye kànga tí mo ti wọ̀ láyé mi, mo sì rò pé mo mọ inú ilẹ̀ bí mo ṣe mọ inú yàrá mi. Ọlọ́run Ọba dá ohun tí ojú ò rí, ó sì fún ọmọ ènìyàn ní ọgbọ́n tí yóò fi rí i. Lọ́jọ́ yẹn, n kò lè jẹun ọ̀sán. Mo kàn ń mí, mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Nígbà tí a padà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n gbé wa lọ síbi kànga mìíràn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára, wọ́n fi ọmọláńgidi tó tó géńdé sí ìsàlẹ̀, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ fún un. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó wà lókè. Èfúà ní kí n pe ẹni ìsàlẹ̀. Mo pè é. Ó ní kò dáhùn, kí ni kí a ṣe? Ìyá, n kò rò ó. Mo ká ṣòkòtò, mo bọ́ sórí àkàbà, mo ti dé ìsàlẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo gbé ọmọláńgidi sí èjìká bí akọni. Àwọn méjì tí wọ́n fi sábẹ́ mi rí i pé ọ̀gá wọlé, àwọn náà wọlé tẹ̀ lé mi. Mo gbójú sókè, mò ń retí àtẹ́wọ́.

Èfúà bojú wò wá láti òkè, ó ní Bàbá, ìyẹn èmi, ti kú. Ó ní àwọn méjì yìí náà ti kú. Fọ́ọ̀mán kan láti Takoradi ní kí wọ́n lọ gbẹ́ sàréè mi, kí wọ́n má sì gbàgbé pé ikùn mi fẹ̀. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ti jókòó sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Nígbà tí a gòkè, Èfúà ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ wọlé nítorí iṣẹ́, ẹni kejì wọlé nítorí ìfẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ò mọ èyí tó jẹ́ ìfẹ́.

Wọ́n wá fi bó ṣe yẹ kó rí hàn wá. Ẹni tó fẹ́ wọlé á ti de bẹ́líìtì tó gba èjìká àti itan, okùn á ti wà lára rẹ̀ látòkè, lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó dúró lẹ́nu kànga. Bó bá dákẹ́, ẹni òkè á yí ọwọ́ irin, á fà á jáde, kò ní wọlé. Nígbà tó kàn mí, mo dúró síbẹ̀, ara mi ń fẹ́ bẹ́ wọlé, ọwọ́ mi ń yí irin. Dídúró yẹn nira fún mi ju gbogbo kànga tí mo gbẹ́ lọ. Mo yege o! Sàtífíkéètì mi wà lára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí mo yà ní Mẹ́kà. Àlejò kì í wọlé kí n má fi hàn án.

Ẹ wá wò ó, inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Múráínà pè mí. Ó ní omi kànga wa ti lọ sílẹ̀, pé Ìyá ò gbọdọ̀ máa ra omi nínú ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí. Ó ní òun ti ra ẹ̀rọ kékeré, ọ̀pá rẹ̀ ò gùn dé omi, òun ó so ẹ̀rọ náà rọ̀ sínú kànga, yóò fa omi tán, òun ó wá wọlé gbẹ́ ẹ jìn sí i. Làsísì ni yóò dúró lókè. Ìyá, ọkàn mi fò. Mo ní kó má ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, Ghana ti sọ yín di ojo. Ó ní ta ló kọ́ Bàbá ní séfútì tí wọ́n fi darúgbó? Ó ní ẹ̀rọ yóò ti jáde kí òun tó wọlé. Mo ní èéfín kì í bá ẹ̀rọ jáde. Mo ní Bàbá ò ní ẹ̀rọ, garawa ni wọ́n fi ń gbọ́n omi, àwa la fi ẹ̀rọ kún un tí a ò fi ọgbọ́n kún un. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Múráínà. Láti ọjọ́ náà kò gbé fóònù mi mọ́.

Ẹ̀yin nìkan ló kù tó lè dá a dúró. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ni kànga, pé ẹ ò fẹ́ omi tí wọ́n bá fẹ́ fi bẹntiróòlù fà. Mo ti fi owó ránṣẹ́, kí ẹ máa ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Lẹ́yìn Ìtúnu, n ó wá fúnra mi. N ó gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti bẹ́líìtì dání, n ó yá ẹ̀rọ tó ń ké náà bọ̀, èmi ni n ó sì dúró lókè.

Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ yín. Bó bá ṣe orí kunkun, tó dúró títí ẹ fi lọ kírun, tó wọlé, tó sì dákẹ́, Làsísì ni yóò wà lẹ́nu kànga. Múráínà ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Làsísì ò ní rò ó, yóò bẹ́ wọlé. Mo mọ̀, èmi náà ò rò ó. Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pariwo, ẹ ní kí wọ́n pe panápaná. Bí okùn bá wà lára ẹni ìsàlẹ̀, kí gbogbo àdúgbò fà á. Àmọ́ Làsísì, ẹ dì í mú. Bó bá bú yín, ẹ dì í mú. Bó bá já aṣọ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pe ọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n jókòó lé e. Kó bínú sí wa títí ayé. Kó ṣáà wà láyé tí yóò fi máa bínú.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí i. Yóò dá yín sí fún wa, yóò gba ààwẹ̀ yín, yóò fi àlàáfíà so gbogbo ilé ró. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi kí Múráínà lọ́tọ̀. Ẹ ní n kò bínú sí i, kó ṣáà gbé fóònù.

Èmi ni,
Bùràímọ̀, ọmọ yín.