Ààtàn Kọ́ Ni Wọ́n Ti Rí Ọmọ Náà

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin Idu, ní Àbújà níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Kàdúná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀wé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ohun tí mò ń sọ, ẹ má bínú sí i bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ni pé ìyàwó ọmọ mi ń rí mi lára. Kì í ṣe wàhálà ìyá ọkọ lásán o... tí mo bá ti rí ojú ẹ̀ nínú fóònù, bí ẹni fẹ́ bì ló ń ṣe mí. Ọkọ ẹ̀, ọmọ tí mo fi ọmú mi wò, náà ti ń dà bẹ́ẹ̀ lójú mi díẹ̀díẹ̀.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Wọn ò rọ́mọ bí, ni wọ́n bá ní àwọn máa wá gba ọmọ tọ́ nílé. Mo gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀, inú mi dùn. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n dé sí, wọ́n ní ilé ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé ní Karmo ń rùn. Ìyàwó yìí o, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, omi kànga ló fi wẹ̀ títí ó fi relé ọkọ! Mo bu omi fún un, ó wo kọ́ọ̀bù náà bí ẹni tó rí ìdin. Mo se ọbẹ̀, ó ní “Màmá, ikùn wa ò lè gba èyí mọ́.” Ikùn wa! Fóònù ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń ṣe fídíò ìlú tí wọ́n ti bí ọmọ, kí ọmọ lè máa wò ó tó bá dàgbà. Mo ní ó dáa, kó ya òkè Bwari, òkè yẹn rẹwà. Kò yà á. Gọ́tà ló yà. Eṣinṣin tó bà lé ẹran ló yà. Ilé ìyàgbẹ́ wa ló yà, ó tún ti ilẹ̀kùn ẹ̀ sẹ́yìn kó lè hàn dáadáa...

Ọjọ́ tí wọ́n lọ gba ọmọ náà, a jọ lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ní Bwari. Ìyá arúgbó kan, ará Gwari, jókòó síta, ó di ẹ̀pà sínú ọ̀rá. Wọ́n ní ìyá ìyá ọmọ náà ni. Ọmọ ẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá a tọ́ ọmọ, ló bá pọ̀n ọ́n wá síbẹ̀ fúnra ẹ̀, gbogbo ọjọ́ ọjà ló sì ń yà wò ó. Mo gbọ́ Hausa ọjà díẹ̀. Mo kí i ní sànnu, ó dáhùn ní yauwa, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n máa bá òun pọ̀n ọ́n, torí kì í tètè sùn. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀! Wọ́n gbé ọmọ náà jáde, òórùn òrí tuntun ń ta lára ẹ̀, ó rí arúgbó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, arúgbó náà sì dì í mú. Ìyàwó ọmọ mi já ọmọ gbà. Ó yọ bébà tútù nínú báàgì, ó ń nu ọwọ́ ọmọ náà, ìka kọ̀ọ̀kan, lójú ìyá yẹn, bíi pé ìgbẹ́ ló kàn án! Kí á tó wọkọ̀, ó ti ju ẹ̀pà tí ìyá yẹn dì fún ọmọ sí gọ́tà. Kai! Ọkọ ẹ̀, ọmọ mi, ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ìyàwó náà ní kí ọkọ̀ dúró níbi ààtàn Karmo. Ó gbé ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pàǹtí, ó ń sọ Òyìnbó, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó ń sunkún, ojú ẹ̀ sì gbẹ. Ọmọ mi ló di fóònù mú. Mi ò gbọ́ Òyìnbó, mo rò pé ìlú ló ń káàánú. Àfi ìgbà tí fídíò náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí, tí ọmọ ọmọ mi yìí túmọ̀ ẹ̀ fún mi... ó ní ohun tí ìyàwó náà ń sọ fún ọmọ ni pé ibí ni àwọn èèyàn ẹ jù ẹ́ sí, ibí la ti rí ẹ, wọn ò fẹ́ ẹ, àwa la fẹ́ ẹ. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo tu oúnjẹ ẹnu mi dànù.

Mo pe ọmọ mi. Ó ní, Màmá, ẹ fi sílẹ̀, kí ó lè mọ oore ni. Oore! Ṣé irọ́ la fi ń kọ́ ọmọ ní oore? Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ geere báyìí, ó sì gbọ́ Yorùbá. Gbogbo ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni wọ́n ń fi fídíò yẹn hàn án níwájú àlejò, àlejò á máa nu ojú. Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, ọmọ náà pè mí, ó fi imú ẹ̀ ti fóònù báyìí, ó bi mí bóyá òun ń rùn nígbà tí a rí òun nínú pàǹtí. Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọmọdé! Kí n tó la ẹnu, ìyàwó ọmọ mi ti gba fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ mi yòókù ní kí n panu mọ́, torí ìyàwó yẹn ti sọ pé tí mo bá wí nǹkan kan, mi ò ní rí ojú ọmọ náà mọ́ láéláé. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí, mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dákẹ́ kí n máa rí i? Ṣé kí n sọ ọ́ kí n pàdánù ẹ̀? Ṣé ó ti kéré jù láti gbọ́ pé ìyá tó bí i ti kú? Ẹ̀yin tí ẹ tọ́mọ rí, ẹ dá mi lóhùn, ẹ má kàn kọ àmín síbẹ̀.

Lánàá àwọn ọmọ mi yòókù tún pé lé mi lórí, wọ́n ń bẹ̀ mí. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní ṣùgbọ́n tí ọmọ yẹn bá fi lè tún bi mí, màá sọ fún un pé òórùn òrí ló ń ta lára ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òrí tuntun, àti pé ẹnìkan ló fara balẹ̀ fi pa á láti orí dé ẹsẹ̀... kí wọ́n wá gba fóònù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn.