Ta Ló Ti Lo Ọkọ̀ Yìí Rí?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Ìyàwó ṣì wà níbi tó wà. Orúkọ tí mo sọ ọ̀kan nínú ọkọ̀ tuntun méjì wa nìyẹn, èyí tí wọ́n tò ní Tema, ní Ghana níbí, tó ń dán gbinrin nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Suame, Kumasi yìí, láìsí olùfẹ́. Gbogbo ẹni tó wọlé lónìí, ìbéèrè kan náà: ta ló ti lò ó rí? Mo ní kò sẹ́ni tó lò ó rí, tuntun ni. Wọ́n wò mí bíi pé mo ṣépè fún wọn. Wọ́n sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Wọ̀fá Ntiamoah, àbúrò ìyá mi, tó ń ta tòkunbọ̀ ní iwájú wa gan-an. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá pè láti Tema. Bí oṣù bá parí tí n kò ta ẹyọ kan, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù Kumasi pa. Èmi Dufie, tí mo ti ń fọ́nnu kiri pé àwa ọmọ Ghana náà lè to ọkọ̀!

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò. Kò sẹ́nì kankan. Mo nu Ìyàwó, mo tún un nù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Wọ̀fá ti pa mí. Mo ní kó bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù kí n lọ ra kenkey jẹ. Kí n tó dé, ó ti wa Ìyàwó lọ sí ọgbà tiẹ̀, ó ti da eruku sí i lára, ó ti tà á fún Nánà Kyerewaa, ọbabìnrin ìlú kan lọ́nà Mampong. Ó ní ìyá arúgbó kan ní Jámánì ló ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó yẹ kínú mi dùn, owó ti wọlé. Inú ń bí mi ni. Bí ọkọ̀ yẹn bá dáa, òyìnbó ni wọ́n á yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ sọ òtítọ́ láàfin. A kì í bá Nánà sọ̀rọ̀ tààrà. Agbẹnusọ rẹ̀ là ń sọ ọ́ fún, òun á wá tún un sọ kó dùn létí. Ẹnu-Oyin ni mò ń pe bàbá yẹn. Òun ló sì mú Nánà lọ sọ́dọ̀ Wọ̀fá!

Mo ní kó bá mi sọ fún Nánà pé Tema ni wọ́n ti to ọkọ̀ yìí. Ó wúkọ́. Ó ní: "Nánà, ọmọ yín ní ọkọ̀ yín gba Tema kọjá nígbà tó ń ti Jámánì bọ̀."

Mo tún un sọ. Ó tún fi oyin sí i. Nánà mi orí, ó ní kí wọ́n fún mi lẹ́yin adìyẹ. Mo gbẹ́yin délé pẹ̀lú ìbínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìsìnkú nílùú Nánà, èmi àti Wọ̀fá lọ. Aṣọ dúdú, aṣọ pupa, Ìyàwó láàárín wọn. Àwọn àgbà ń fọwọ́ pa á lára. Ọ̀kan ní àwọn ọmọ tiwa ò lè to irú èyí láéláé.

N kò mọ ìgbà tí mo kọjú sí Nánà fúnra rẹ̀. "Nánà, irọ́ ni. Àwọn ọmọ wa ló tò ó, ní Tema."

Èèwọ̀ ni mo ṣe yẹn. Wọ̀fá ti ń fẹ̀yìn rìn. Ẹnu-Oyin lanu, Nánà dá a dúró, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Mo mọ̀ látọjọ́ tí mo ti jókòó sínú rẹ̀. Òórùn tuntun ò ṣeé feruku bò. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yìn ín ná ni."

Wọ́n ní kí n mú àgùntàn kan àti ọtí wá fún bíbá Nánà sọ̀rọ̀ tààrà. Nánà ní Wọ̀fá ni yóò san án.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àwọn àgbà yẹn ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ọkọ̀ Tema ni wọ́n fẹ́! Mo mú wọn lọ sídìí èyí tó kù. Èyí tó dàgbà jù yí i ká, ó fẹsẹ̀ gbá táyà, ó wá bi mí: "Ta ló ti lò ó rí?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n wo ara wọn. Ti Nánà, wọ́n ní, Nánà ti lò ó.

Mo pe ààfin. Ẹnu-Oyin ló gbé fóònù, kò sì fi oyin kankan sí i: Nánà ti gbà, òun á máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbé e lọ. Mo pe ọ̀gá pé kó kó púpọ̀ wá.

Wọ̀fá sọdá wá nírọ̀lẹ́, ó ń họrí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun bẹ Nánà, kó bá òun jókòó sínú àwọn tòkunbọ̀ yẹn náà.