Ọjọ́ Tó Ga Jù Lórí Ìlà Náà

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ mi méjèèjì tí wọn kì í jẹ́ kí o sùn. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Ara tèmi le, àfi orúnkún òsì mi tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí padà. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, nítorí náà fi abọ́ tí o ń fọ̀ sílẹ̀, kí o jókòó.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò yọjú sí ọ́fíìsì wa mọ́. Lóṣù tó kọjá ni ọ̀gá tuntun pè mí lórí fóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó kàwé dáadáa, ó sì níwà. Ó ní àwọn fẹ́ tẹ ìwé ńlá kan, àwọn á sì ya ìlà ọgbọ̀n ọdún sínú rẹ̀, èyí tí yóò fi han gbogbo orílẹ̀-èdè bí afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná ṣe ń jáde tó látinú ilẹ̀ oko wa, ọdún dé ọdún. Ọdún méjìdínlógún àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ló ti wá: èmi, àpótí tí mo máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ láàárín ebè, síríńjì tí mo fi ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, àti ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí. Ẹ̀rọ ló ṣe ìyókù.

Ó wá fara balẹ̀ sọ fún mi pé àwọn fẹ́ yọ àwọn ibi tó ga fíofío nínú iye tí mo kọ, torí pé láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, ẹ̀rọ àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, a rò pé àṣìṣe ọwọ́ ni." Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọdún méjìdínlógún nínú bàtà òjò, ẹnì kan wá ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ti orúkọ mi. Bí wọ́n bá gé àwọn òkè yẹn kúrò, ìlà náà á tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á wá dà bíi pé àwọn àgbẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gbìyànjú. Nígbà tèmi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ń da gbogbo ajílẹ̀ sóko; òjò á rọ̀ lé e, ilẹ̀ á sì máa mí afẹ́fẹ́ burúkú yẹn jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá ni wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa dà á díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, bí irúgbìn bá ṣe ń fẹ́ ẹ. Àwọn aláṣẹ sì ti ń wí pé bí ìlà náà kò bá fi ìyàtọ̀ hàn, àwọn á dá ẹ̀kọ́ yẹn dúró.

Mo kó àwọn ìwé mi tó ti gbó sínú àpò, mo wọkọ̀ lọ bá wọn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye tó ga ni mo kọ ọ́ sí: òjò rọ̀ níjẹta. Mo ní kí ọ̀gá da ajílẹ̀ sí abala ilẹ̀ kan bíi tàtijọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀, kí a jọ dúró de òjò. Ó gbà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Òjò yìí fojú wa gbolẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, ojú ọ̀run mọ́ roro. Awakọ̀ ọ́fíìsì wa àtijọ́, ẹni tó sọ mí ní Ìyá Olójò, bi mí bóyá èmi àti òjò ti jà ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n tẹ ìwé náà. Ní ọjọ́ kejìlá, orúnkún mi sọ̀rọ̀. Òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta òjò náà, gbogbo ọ́fíìsì pé yí kọ̀ǹpútà kan ká. Iye náà ń gòkè, ó ń gòkè, ó kọjá gbogbo ohun tí ẹ̀rọ wọn ti rí rí, ó sì lọ dúró síbi tí tèmi máa ń dúró sí. Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, "Mà, ọwọ́ yín ò gbọ̀n. Àwa la ò mọ òjò." Wọn ò ní yọ ẹyọ kan. Ìlà náà á jáde bó ṣe wà: orí òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ títí di ọdún yìí, ẹ̀kọ́ àwọn àgbẹ̀ á sì máa bá a lọ. Mo jó, ọmọ mi. Mo jó tòun ti orúnkún.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ọ̀gá bi mí pé ọjọ́ wo ló ga jù nínú gbogbo rẹ̀. Mi ò ṣíwèé kí n tó dáhùn. Ọjọ́ tí wọ́n fún ọ ní ẹ̀bùn ìṣirò nílé ìwé ni. Òjò ńlá ti rọ̀ níjẹta, mo sì jẹ́ kí àga mi ṣófo níwájú gbọ̀ngàn. Nígbà tí mo délé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, o ní, "Màmá, òjò lọmọ yín, èmi kọ́." Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Ọ̀gá ṣí ojú ìwé yẹn, ó kà á sókè: "Òjò rọ̀ níjẹta. Aago mẹ́wàá: ọmọ mi ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ báyìí." Jọ̀ọ́, má bínú sí mi mọ́. Ọjọ́ rẹ ló ga jù lórí ìlà ọgbọ̀n ọdún.

Ọlọ́run á bá mi dá yín sí. Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ ẹ̀yẹ àwọn ọmọ rẹ á ṣojú rẹ, á sì ṣojú èmi náà.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Olójò.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: wọ́n máa tẹ àwòrán ojú ìwé yẹn sínú ìwé ńlá náà. Ọ̀gá bi mí bóyá kí àwọn pa ọ̀rọ̀ ilé rẹ́, kó ku ti òjò nìkan. Mo ní kó fi ọmọ mi sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá di dandan kó pa ọ̀kan rẹ́, kó pa òjò.