Ọmọ Ehoro Inú Páálí

Ọkọ mi,

Ọmọ ehoro tí ẹ gbé wá láti ẹ̀yìnkùlé lánàá, pé kó lè tù mí nínú, ti kú kílẹ̀ tó mọ́. Mílíìkì màlúù ni mo fún un, nínú fídà tí a rà sílẹ̀ tí a ò lò.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé ọmọ òrukàn ni? Ìyá ẹ̀ padà wá láàárọ̀ yìí, ó ń gbóòórùn ìdí òdòdó tí ẹ ti gbé e kiri. Oúnjẹ ló wá lọ. Bí ẹ bá tún rí irú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì lé ìyá yẹn o.

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òkú ẹ̀ wà nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ bá mi sin ín. Ẹ ò jẹ́ kí n mọ ibi tí ẹ sin ọmọ wa sí. Ti eléyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí.