Màmá Oníṣóòkù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Morìnsọ́lá Oghenekevwe (1961–2025)

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1961 ni a bí Màmá wa, Morìnsọ́lá, ní Ajégúnlẹ̀. Olóògbé Joseph Túnbọ̀sún, ọmọ Ìkirè tó ń wa kírénì ní èbúté Àpápá, ni bàbá wọn. Olóògbé Wúràọlá, aránṣọ, ni ìyá wọn. Àbígbẹ̀yìn ni Màmá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè rán wọn níṣẹ́ láìsọ ìdí rẹ̀.

Màmá parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní 1979. Àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ kọ́ṣẹ́ irun dídì. Iṣẹ́ iná ni Màmá fẹ́. Bàbá kọ̀ fún odidi ọdún kan kí ọ̀rọ̀ náà tó sú u. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Gbàdàmọ́sí ní Àpápá ni Màmá ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ṣe fíríìdọ̀mù ní 1984. Ṣóòkù, èyí tó ń kó iná níjàánu kí gílóòbù gígùn má bàa jó, ni wọ́n mọ̀ ọ́n tún ṣe jù. Nígbà tí irú ṣóòkù tuntun tó fúyẹ́, tí kì í kùn, dé, àwọn ẹlòmíràn ń jù ú nù bó bá ti kú. Màmá ń tú u wò.

Ní 1985, wọ́n fẹ́ Olóògbé Raphael Oghenekevwe, awakọ̀ tírélà ní èbúté Tin Can. Àwa méjì, Tega àti Doris, ni wọ́n bí. Màmá kì í pa ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jẹ.

Àwọn òyìnbó ní bẹ́ẹ̀dì kan tí iná wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń sùn sí kí awọ ara wọn lè ṣú díẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣú sí i ní Ajégúnlẹ̀? Ṣùgbọ́n ní 2016, Ọ̀gbẹ́ni Lucky, tó ń gba ẹrù jáde ní Tin Can, rí “bẹ́ẹ̀dì” nínú ìwé ẹrù, ó rò pé ti ọsibítù ni. Iná búlúù rẹ̀ sì jọ èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń tàn sí ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú bá ń ṣe. Ó tà á fún ilé ìgbẹ̀bí kan, ó sì pe Màmá kí wọ́n wá tún ṣóòkù rẹ̀ ṣe.

Màmá tún un ṣe. Ara wọn ni wọ́n máa ń fi dán iṣẹ́ wò, nítorí náà wọ́n na apá òsì sábẹ́ iná náà fún ìdajì wákàtí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, apá náà ń ta wọ́n bí ìgbà tí a fi ata kùn ún. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n sáré padà síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń bọ́ aṣọ lára ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kan. Màmá já wáyà, wọ́n wọ inú bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n sì dùbúlẹ̀ gbalaja.

“Mama Tega, abeg,” ni Ọ̀gbẹ́ni Lucky wí, “bẹ́ẹ̀dì na bẹ́ẹ̀dì. Ẹ dìde, ẹ so wáyà yẹn padà.”

“Mi ò so nǹkan kan. Ẹ wo apá mi ná, kí ẹ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ síbí.”

Eucharia, ìyá ọmọ náà, wo apá tó ti wú, tó ti yọ ìléròrò. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Màmá bá a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù ìjọba, níbi tí iná tó yẹ wà.

Àwọn kan pe Màmá ní abaniṣẹ́jẹ́, iṣẹ́ sì dín kù lọ́wọ́ wọn. Wọn ò yíhùn padà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi rin àwọn ilé ìgbẹ̀bí láti Boundary dé Tolú; wọ́n rí irú bẹ́ẹ̀dì náà méjì sí i, wọ́n sì yọ ṣóòkù wọn. Àwa ọmọ bínú sí wọn nígbà náà, nítorí ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn ènìyàn á lù wọ́n. A tọrọ àforíjì lónìí.

Màmá dákẹ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2025. Wọ́n fi Tega àti Doris sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Márùn-ún ni ẹ ó rí lójú ìwé yìí, nítorí Eucharia wá bá wa nílé pé kí a má yọ ọmọ òun, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ìjọ́sí, sílẹ̀. Munachi ni orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ni, ara rẹ̀ le koko, òun ni yóò sì gbé àwòrán Màmá ṣíwájú pósí.

Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sùn re o.