Mọ́tò Tí Kò Lè Purọ́

Rídúwánù ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Lomé níbẹ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó wà lájò yóò máa ṣọ́ ọ. Àlàáfíà la wà ní Kétu, àfi orúnkún mi, òun náà ní kí n kí ọ. Àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, Ìdíátù àbúrò rẹ sì ti rí ọjọ́ ìgbéyàwó, kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́.

Jímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ fi fídíò tí o fi ránṣẹ́ hàn mí. Mo rí mọ́tò tó ń sáré ní àdúgbò Kégué ní Lomé yín, kò sí ẹnì kankan nídìí sítíárì. Mo kígbe pé ẹ sáré mú un, awakọ̀ ti já bọ́! Jímọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ó ní gbogbo yín lẹ jọ ń pín in, tó bá gbé ọ tán á lọ gbé ẹlòmíràn, nítorí náà o fẹ́ ta mọ́tò tìrẹ. O káre, ọlọ́gbọ́n ọmọ. Èmi tí mo bá ìyálé mi pín bàbá rẹ fún ọdún mọ́kànlélógún, ta ni yóò kọ́ mi ní pípín? Ọjọ́ tí ibà mú ọ gan-an ni kì í ṣe ọjọ́ mi, ọ̀dọ̀ ìyálé mi ni bàbá rẹ wà.

Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́. Mọ́tò rẹ ni yóò gbé Ìdíátù lọ sílé ọkọ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti fọ́nnu kárí àdúgbò. O mọ̀ pé tí a bá dé ẹnu ọ̀nà àwọn àna, awakọ̀ ìyàwó á ní epo ti tán, mọ́tò ò lọ mọ́, títí wọn á fi fowó bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mọ́tò ọlọ́gbọ́n yín yìí, ṣé ó lè purọ́? Á kàn débẹ̀, á ṣílẹ̀kùn, á já ọmọ mi sílẹ̀ bí àpò gààrí, á yíjú padà lọ gbé ẹlòmíràn ní Hanoukopé ní Lomé lọ́hùn-ún! Ìyá Làtífátù aládùúgbò wa, tí wọ́n bẹ awakọ̀ ọmọ tirẹ̀ láti àárọ̀ dọ́sàn-án, á wá bá mi kẹ́dùn.

Nítorí náà, má tà á. Tí o bá sì ti tà á, mú èyí tó ń wa ara rẹ̀ yẹn wá, ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o jókòó síwájú. Di sítíárì mú, kí ọwọ́ rẹ máa bá a yí. Tó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún wọn, fà á padà, kí o sì pariwo pé epo ti tán. Jímọ̀ ní iná mànàmáná ló ń mu, kì í ṣe epo. Àwọn àna ò gbọ́dọ̀ mọ̀.

Fi owó gèlè mi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹni tí yóò máa bẹ̀ ọ́ tán láyé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nímọ́tà