Àna Tó Ro Oko Mi

Abúlé Ajégbèmí,
Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Kọkànlá, 1974.

Sámúẹ́lì, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Ìsàlẹ̀ Èkó kò gbóná jù? Mo kí ọ kú ariwo Apọ́ngbọ̀n, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé kò ní jẹ́ kí o ṣìnà. Orúnkún ìyá rẹ ti san díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì. Mo ṣì ń bínú sí akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tí mo ti fi fóònù bá ọ sọ̀rọ̀. Mo gbé iṣu dání, mo ní kó fi í sínú fóònù náà ránṣẹ́ sí ọ, ó ní ohùn nìkan ni nǹkan náà ń gbé. Ọ̀lẹ ni.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ Jíbrílù bá ọ wálé ní àsìkò òjò, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọlọ́jà Balógun dání, wọ́n wọ oko iṣu mi, wọ́n ro ó títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Wọn ò mọ pákí yàtọ̀ sí koríko, wọ́n ro pákí náà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mi ò bínú. Ta ni kò mọ̀ pé ọkùnrin tó bá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ro oko bàbá kan, ọmọ bàbá yẹn ló fẹ́ fẹ́? Mo pè é ní àna mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó rẹ́rìn-ín. Mo wo inú ilé, àbúrò rẹ Fọláṣadé nìkan ni obìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sí Èkó lóṣù tó kọjá, kí n wo ibi tí ọmọ mi máa gbé. Mo wọ yàrá tí ìwọ àti Jíbrílù jọ ń gbé, mo rí i pé orí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni ẹ̀yin méjèèjì ń sùn. Àánú yín ṣe mí. Mo ní bẹ́ẹ̀dì mà wọ́n l'Ékòó o! Mo délé, mo ní kí káfíńtà kan òmíràn, mo fi lọ́rì gbé e ránṣẹ́ sí yín. Nígbà tí Fọláṣadé gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun kọ́ ni Jíbrílù wá wò, ẹ̀gbọ́n òun ni. Pé bí èmi àti ìyá yín ṣe jẹ́ sí ara wa ni ẹ ṣe jẹ́ sí ara yín.

Èmi náà jókòó. Mo béèrè ta ni ìyàwó nínú yín, ó ní kò sí. Mo béèrè ta ló máa san owó orí ìyàwó fún ta, ó ní òun ò mọ̀. Mo béèrè ta ló ń se ọbẹ̀, ó ní Jíbrílù ni, torí tìẹ kì í dùn. Ìyẹn nìkan ló yé mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé bí ọlọ́pàá bá gbọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní kí lẹ jí? Ó ní ẹ ò jí nǹkan. Mo ní ta lẹ fipá mú? Ó ní kò sí, àgbàlagbà ni yín, ẹ fẹ́ràn ara yín ni. Mo ti jẹ́rìí ní kóòtù ìbílẹ̀ rí, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ta ló máa dìde? Mo ń wá a láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rí i.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Dáfídì, torí ẹbí kì í ṣe ọlọ́pàá. Ó ní èmi gan-an ni ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ Jíbrílù, kí ìwọ nìkan wálé fún Kérésìmesì wá gbé ìyàwó tí òun ti wá sílẹ̀ fún ọ. Ìwọ náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ Fọláṣadé pé bí Jíbrílù ò bá lè wọlé wa, o ò ní wálé mọ́ láyé. Ìyá rẹ ò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn.

Mo pe ẹbí jọ. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n iṣu oko tí Jíbrílù ro, èmi jẹ ẹ́, Bàbá Dáfídì náà jẹ ẹ́, ó tún ní kí wọ́n bu sí i. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ àna tán tó wá fi ọmọ rẹ̀ dù ú, olè ni, a kì í sì í jalè nílé wa. Bàbá Dáfídì ní ọkùnrin kì í ṣe àna nítorí ọkùnrin. Mo ní kó pọ iṣu náà padà. Ó dé fìlà, ó ní bí Jíbrílù bá wọlé, òun ò ní wọ̀ ọ́. Mo ní ó dàárọ̀ o.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin méjèèjì máa bọ̀. Mo ti bẹ Àlùfáà Mọ̀núrù kó wá bá wa pa ẹran ọdún, kí Jíbrílù lè jẹ nínú rẹ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún kẹrosíìnì àti iyọ̀. Ìyá rẹ fẹ́ gèlè láti Balógun. Ó ní kí Jíbrílù bá òun yàn án, torí ojú tìẹ ò mọ aṣọ.

Ó ku àdúrà. Èyí tí a máa ń ṣe fún ọkọ àti ìyàwó tuntun, pé kí ẹ̀yìn ìyàwó má mọ ẹní, mo gbé e yẹ̀ wò, kò bá yín mu. Mo jókòó pẹ́ kí n tó rí òmíràn. Ẹ ó jọ gbó, ẹ ó jọ tọ́. Ọ̀kan ò ní tètè fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tó bá wá béèrè ọ̀kan nínú yín, yóò bá èkejì nílé. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá ẹ̀yin méjèèjì,
Àbẹ́lì Odùfúwà.